Aṣọ Funfun Tó Pọ́n Yàtọ̀ sí Aṣọ Tó Dọ̀tí

Nínú ẹ̀ka wa yìí, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá ní: funfun, dúdú, pupa, ó parí. Ẹni tó bá sọ ọ́ a máa rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni pé àwọn baba ńlá wa kò rí ojú ọ̀run rí, tí wọn kò sì rí ewéko. Lẹ́yìn náà ni a ó dárúkọ Berlin àti Kay, tí wọ́n kọ ìwé wọn lórí orúkọ àwọ̀ ní ọdún 1969, tí wọ́n sọ pé èdè tó bá ní orúkọ àwọ̀ mẹ́ta, funfun, dúdú àti pupa ni ẹ ó bá níbẹ̀. A ó kọ ọ́ sínú ìdánwò, a ó gba máàkì, a ó sì máa bá tiwa lọ.

Aṣọ fífọ̀ ni mo fẹ́ fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èrò mi ni pé àwọ̀ mẹ́ta náà tó ẹni tó bá fẹ́ kí aṣọ funfun rẹ̀ máa dán bíi tuntun. Èrò mi kejì ni pé púpọ̀ nínú aṣọ funfun tí à ń bà jẹ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, àìmọ orúkọ ohun tó ṣe aṣọ náà ló bà á jẹ́. Orúkọ náà sì wà nínú èdè wa. A kàn fi í sílẹ̀ nílé nígbà tí à ń di ẹrù bọ̀ níléèwé ni.

Orúkọ tí àwọn ìyá wa ń pè é

Ẹ fetí sí àwọn ìyá wa ní Òsì tàbí ní Ìlọ́fà nígbà tí wọ́n bá ń ká aṣọ lórí okùn. Kì í ṣe orúkọ kan ni wọ́n ń pe gbogbo aṣọ tí kò dára lójú mọ́. Bí eruku tàbí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, wọ́n á ní ó dọ̀tí. Bí nǹkan bá ta sí ojú kan, wọ́n á ní ó ní àbàwọ́n. Bí aṣọ aláwọ̀ bá ti sọ àwọ̀ rẹ̀ nù, wọ́n á ní ó ti ṣá. Ṣùgbọ́n bí aṣọ funfun bá mọ́, tí ọṣẹ kàn án dáadáa, síbẹ̀ tí kò funfun mọ́, tó dà bí ojú ìwé àtijọ́, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé: "Aṣọ yìí ti pọ́n."

Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kan náà la ń lò fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, fún eyín tó pọ́n, fún ojú tó pọ́n. Ẹ wo bó ṣe gbòòrò tó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kò jọ ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ tí Òyìnbó ń pè ní yẹ́lò ni, ṣùgbọ́n agbo kan náà ni Yorùbá kó o sí pẹ̀lú pupa. Bẹ́ẹ̀ náà ni aró. Búlúù ni Òyìnbó máa pè é, àmọ́ agbo dúdú ni tiwa kó o sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni oògùn aṣọ funfun wà.

Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ń lò fún gbogbo rẹ̀: ó ti dọ̀tí. Oògùn kan ṣoṣo la sì ní fún un: bílíìṣì, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní Hypo tàbí Jik láìka ilé iṣẹ́ tó ṣe é sí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ní Omo. Kò burú kí orúkọ ọjà kan gbòòrò di orúkọ gbogbo irú rẹ̀. Ohun tó burú ni kí oògùn kan ṣoṣo di ti gbogbo àrùn.

Kí ló ń mú aṣọ funfun pọ́n?

Ohun mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù lọ.

Àkọ́kọ́ ni òógùn àti epo ara. Ẹni tó bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tó jù ú sínú báàgì títí di Sátidé, ó ti fún epo ara láyè láti gbẹ sínú òwú, kí afẹ́fẹ́ sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí ọrùn àti abíyá fi máa ń kọ́kọ́ pọ́n.

Èkejì ni ọṣẹ tí a kò ṣàn kúrò dáadáa. Bí omi bá wọ́n, omi ẹ̀ẹ̀kan la fi ń ṣan aṣọ. Ọṣẹ tó ṣẹ́kù sínú òwú á máa fa eruku mọ́ra, òun fúnra rẹ̀ á sì máa pọ́n bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Aṣọ tí a fọ̀, tí a lọ̀, tí a sì tọ́jú sínú àpótí lè tipa báyìí pọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni irin inú omi, èyí ló sì yẹ kí àwa ọmọ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ mọ̀ dunjú. Orí àpáta líle ni ilẹ̀ wa wà, yẹ̀pẹ̀ pupa ló sì bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Irin ló ń fún yẹ̀pẹ̀ náà ní àwọ̀ rẹ̀. Omi tó bá gba inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá lè kó irin dání. Ẹ ó fà á jáde láti inú bóhóòlù, á mọ́ gaara bí omi òjò. Ẹ gbé e sínú báàfù funfun di ọjọ́ kejì, ẹ ó rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n. Kò sí ẹni tó da nǹkan sí i. Irin tó ti yọ́ sínú omi náà ló pàdé afẹ́fẹ́, tó sì dípẹtà.

Ibí yìí ni bílíìṣì ti ń da wá. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń fi òru kan ṣe, bílíìṣì ń ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ẹ dà á sínú omi tó ní irin, irin náà á dípẹtà kíákíá, á sì lẹ̀ mọ́ òwú aṣọ. Ẹni tó ń wá funfun á rí i pé aṣọ òun túbọ̀ pọ́n. Kí ló máa ṣe? Á tún da bílíìṣì sí i. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, òwú aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, nítorí pé bílíìṣì máa ń jẹ òwú bó bá pọ̀ jù tàbí bó bá pẹ́ jù lára rẹ̀. Aṣọ sílíìkì, aṣọ irun àgùntàn àti aṣọ tó ń fà bíi rọ́bà kò tilẹ̀ gbà á rárá: bílíìṣì fúnra rẹ̀ ló ń mú wọn pọ́n.

Dúdú díẹ̀ ló ń lé pupa jáde

Ohun tí àwọn ìyá wa àgbà ń lò fún aṣọ tó pọ́n ni búlúù ìfọṣọ. Wọ́n á di ègé kékeré sínú àkísà, wọ́n á rọ́ ọ sínú omi tí wọ́n fẹ́ fi ṣan aṣọ kẹ́yìn títí omi náà á fi dà bí ojú ọ̀run, wọ́n á ti aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kó má bàa mú ojú kan ju òmíràn lọ, wọ́n á sì tètè fà á yọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Aṣọ tó pọ́n ni aṣọ tí kò dá ìmọ́lẹ̀ búlúù padà tó bó ṣe yẹ. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń bọ̀ lójú wa láti ara rẹ̀. Bí a bá fi búlúù díẹ̀ sí i, búlúù náà á gbé lára ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n mì, gbogbo rẹ̀ á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ojú á sì rí funfun. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìmọ́lẹ̀ tí aṣọ náà ń dá padà dín kù lápapọ̀ ni, kò pọ̀ sí i. Ní ti òdiwọ̀n, aṣọ náà ṣókùnkùn díẹ̀ sí i, síbẹ̀ ojú wa ń pè é ní funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi àwọ̀ mẹ́ta wa sọ ọ́: pupa wọ inú funfun, a fi dúdú díẹ̀ lé e jáde. Èdè tí wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan ló sọ ọ́ ní gbólóhùn kan yẹn.

Búlúù yìí ní ìtàn. Láyé àtijọ́, òkúta iyebíye láti Afghanistan ni wọ́n ń lọ̀ ní Yúróòpù láti rí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ sì ga gan-an. Ní 1824, ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé kéde ẹ̀bùn 6,000 fúráǹkì fún ẹni tó bá lè fi ọgbọ́n orí ṣe é lówó pọ́ọ́kú. Ní 1828, Jean-Baptiste Guimet ló gbà á. Amọ̀, sódà, èédú àti imí ọjọ́ ni wọ́n ń fi iná sè pọ̀ tó fi ń di búlúù. Ilé iṣẹ́ Reckitt ní ìlú Hull, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ègé kéékèèké fún aṣọ fífọ̀, tó sì tà á káàkiri ayé, títí dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tó dé ilẹ̀ Yorùbá, kò mọ sínú báàfù ìfọṣọ. Ẹ lọ wo àwọn ère ìbejì tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé: irun orí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ búlúù. Aró ni wọ́n ń fi kùn ún tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, búlúù ìfọṣọ Reckitt rọ́pò aró lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Agbègbè wa kì í ṣe àlejò sí irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Òsì ni Areogun, ọ̀kan lára àwọn agbẹ́gilére tó lókìkí jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí àwọn ìwé ń pè ní Areogun ará Òsì-Ìlọrin. Ọmọ rẹ̀, George Bandele, ló sì kọ́ Lamidi Fakeye níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn tó ń kun ère yìí ṣe pẹ̀lú ojú onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Efun wà fún funfun, osùn wà fún pupa, aró wà fún dúdú. Ọjà tuntun dé láti òkè òkun, wọn kò dá àyè kẹrin sílẹ̀ fún un. Àyè aró gan-an ni wọ́n fi í sí. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní kíláàsì. Ọgbọ́n kan náà ni ìyá tó ń fi búlúù sínú omi ìṣanṣọ ń lò.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀tàn ojú ni, pé aṣọ náà kò funfun ní tòótọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú òde òní, ẹ̀tàn ojú náà ló ń tà fún wa. Ní 1929, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Paul Krais rí i pé ohun kan tó ń jáde lára igi kan ní Yúróòpù lè mú kí aṣọ dà bíi pé ó funfun sí i. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń wá irú èròjà bẹ́ẹ̀ fún ọṣẹ. Èròjà náà máa ń gba ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kò lè rí, á sì dá a padà bí ìmọ́lẹ̀ búlúù. Ẹ̀yin tó ń lọ sí òde àríyá alẹ́ ti rí i rí: bí wọ́n bá tan iná aláwọ̀ àlùkò yẹn, gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì funfun á máa tàn yanran. Èròjà inú ọṣẹ nìyẹn. Bílíìṣì sì lè ba ọ̀pọ̀ nínú irú èròjà yìí jẹ́. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lè jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló fi ń nu ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Ó kàn àwa tó wà ní ọdún ìkẹyìn. Láti 1973 ni ìjọba ti dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la sì máa ń lò ní ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́: àwọ̀tẹ́lẹ̀ funfun, ṣòkòtò péńpé funfun, bàtà kánfáàsì funfun, láti ìdájí títí di alẹ́, nínú eruku. Ìbáà jẹ́ Yíkpáta ní ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n rán wa lọ, ìbáà jẹ́ ìpínlẹ̀ mìíràn, kò sí ẹni tó mọ irú omi tó máa bá níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń múra sílẹ̀ ti ń ra bílíìṣì pamọ́. Fún ẹni tó ní aṣọ funfun méjì péré, bí ọ̀kan bá ya lọ́jọ́ karùn-ún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀wà mọ́, ọ̀rọ̀ owó ni.

Ó tún kàn àwọn tí ẹ̀sìn wọn so mọ́ aṣọ funfun. Láti 1925 ni ìjọ Kérúbù àti Séráfù ti ń wọ aṣọ funfun, ìjọ Sẹ̀lẹ́sítíà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, àwọn ọkùnrin Mùsùlùmí ń fi aṣọ funfun méjì tí a kò rán ṣe hajj, àwọn olórìṣà Ọbàtálá sì ti ń wọ àlà kí gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí tó dé. Bí ẹ bá ń wá ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ wá ìyá tó ti ń fọ sùtánà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ogún ọdún.

Nítorí náà, kí á tó mú ìgò kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó ṣe aṣọ.

Bó bá dọ̀tí, ọṣẹ, omi àti ọwọ́ tó fún un. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án títí omi á fi mọ́.

Bó bá jẹ́ òógùn ló mú un pọ́n, ẹ fi ọṣẹ pa ọrùn àti abíyá rẹ̀ kí ẹ tó rẹ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó sun àsùnmọ́jú pẹ̀lú òógùn lára. Ọjọ́ tí a bá wọ̀ ọ́ ló yẹ ká fọ̀ ọ́.

Bó bá jẹ́ irin inú omi ni, ẹ má fi bílíìṣì kàn án. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ṣàn án. Ohun kíkan inú ọsàn náà máa ń tú ìpẹtà kúrò lára òwú. Ní ti omi fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì, ẹ rọra da èyí tó mọ́ lókè rẹ̀ sínú báàfù mìíràn, ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Omi òjò ló dára jù bí ẹ bá rí i.

Bó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ ló mú un pọ́n, búlúù díẹ̀ ni. Díẹ̀ ni mo wí o. Ẹni tó bá fi púpọ̀ sí i, aláró ló fẹ́ dà.

Ẹ sì sá aṣọ funfun olówùú sínú oòrùn nígbà tó ṣì rin. Oòrùn máa ń dín pípọ́n kù lára òwú láìgba kọ́bọ̀.

Mi ò sọ pé kí á ju bílíìṣì nù. Ó ń pa kòkòrò àrùn, ó sì wúlò fún aṣọ ìnura àti aṣọ ibùsùn ẹni tó ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun olówùú ni ká lò ó fún, ká fi omi púpọ̀ là á kó tó kan aṣọ, ká má sì jẹ́ kó pẹ́ lára rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé a kò gbọdọ̀ pò ó pọ̀ mọ́ ohun kíkan, ìbáà jẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́, ìbáà jẹ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́, a kò sì gbọdọ̀ dà á sórí ìtọ̀. Afẹ́fẹ́ olóró ló máa jáde níbẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn nínú bálùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé ibi tí mò ń lọ. Gbogbo ìkìlọ̀ tí mo ti kà lára ọ̀rá bílíìṣì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin èèrà. Ìyá tó mọ ìyàtọ̀ láàárín pọ́n, dọ̀tí àti ṣá ju ẹni tó kọ ìkìlọ̀ náà lọ kò lè kà á. Ọdún mẹ́rin la fi kọ́ bí a ṣe ń dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò tilẹ̀ gba pé ká dá òmíràn sílẹ̀, kí ló dé tí a kò lò ó?

Àbá mi kéré. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa kọ ojú ewé kan ní Yorùbá lórí aṣọ funfun àti bílíìṣì, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ibi tí a ti ń fọ aṣọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ń lọ sílé ní ìsinmi tó ń bọ̀, kó béèrè lọ́wọ́ ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pe aṣọ funfun tí kò funfun mọ́ ní ẹ̀ka-èdè tiwọn, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kó mú un bọ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ̀yin náà ẹ fi tiyín ránṣẹ́. Inú mi á dùn bí ìdáhùn náà bá pọ̀ débi pé ojú ewé kan kò ní gbà á.